Ilẹ̀kùn Yàrá Keje

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Dúródọlá yọ ilẹ̀kùn yàrá keje, àwọn awakọ̀ agbégi tí kì í dúró fún ẹnikẹ́ni ní oríta Ore dúró wò ó. Opó ni. Ó ró ìró àdìrẹ tó ti ṣá, ó wé gèlè dúdú, ó sì di ọ̀já mọ́ ìdí bí ẹni tó fẹ́ re oko. Káfíńtà fi òòlù tú ìdè ilẹ̀kùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n fi ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ojú wá kọjú sí inú yàrá.

Láoyè jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ti de tai, ó ń fi àkísà nu bàtà rẹ̀ fún iṣẹ́. Ó wo ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀, ó wo àwọn èrò, ó wá dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún onílé rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Afẹ́fẹ́ ti wá ń wọlé dáadáa."

Ẹ̀rín bú jáde lójú ọ̀nà. Èébú ni Dúródọlá múra sílẹ̀ fún. Kò múra fún ẹni tí yóò kí i, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà kì í gbọ́ ìkíni kó má jẹ́ ẹ.

"Káàárọ̀," ni ó wí, inú sì bí i sí ara rẹ̀.

Ẹni tí kò bá ìgbà náà yóò fẹ́ mọ bí Ore ṣe rí. Ọ̀rúndún tó kọjá ni à ń wí, nígbà tí àwọn sójà ń ṣèjọba. Ogun abẹ́lé ti parí, ṣùgbọ́n ihò ọta ìbọn ṣì wà lára àwọn ògiri kan lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn ọmọdé a sì máa ki ìka bọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgà àti bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga bí àpótí. Àwọn obìnrin tó rí jájẹ ń wọ léèsì àti irun àdémọ́rí. Àpò kòkó láti Ajue àti Omifunfun a máa kún ìta àwọn oníṣòwò títí èèyàn yóò fi máa fẹ̀gbẹ́ rìn. Lórí gbogbo èyí ni wọ́n tún wá ń la ọ̀nà ńlá tuntun, èyí tí àwọn èèyàn ń sọ pé yóò gbé ọkọ̀ láti Èkó dé Benin kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú ẹni.

Ọkọ Dúródọlá, tó jẹ́ oníṣòwò gẹdú, ló kọ́ òtẹ́ẹ̀lì náà sórí ilẹ̀ tí ìdílé kan ní Odigbo fún un. Yàrá mẹ́wàá ni, pẹ̀lú àgbàlá, kànga, àti ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé. Nígbà tó kú, àwọn àna pe ìpàdé. Wọ́n ní kí opó máa bójú tó ilé náà, àmọ́ bí owó tó ń wọlé níbẹ̀ kò bá lè gbé ilé náà ró kí ọyẹ́ tó dé, kí Ìgbẹ́kẹ̀lé, àbúrò olóògbé, gbà á. Láti ọjọ́ náà ni Ìgbẹ́kẹ̀lé ti ń wá kí i lójoojúmọ́. Kì í jókòó tó bá dé. Ó kàn máa ń wo òrùlé.

Láoyè ńkọ́? Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, láti ìhà Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ kòkó wò, kó máa fi ọ̀bẹ la ọmọ rẹ̀ sí méjì, kó sì sọ èyí tó gbẹ àti èyí tó bu. Ìgbà tí ìpínlẹ̀ àtijọ́ ṣì wà lódindi ni wọ́n gbé e wá. Òtẹ́ẹ̀lì Dúródọlá ló wọ̀ sí, ó ń sanwó rẹ̀ láìfalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba pín ìpínlẹ̀ sí mẹ́ta, orúkọ Láoyè sì já sí àárín ibi tí wọ́n ti gé e. Nígbà tó bá lọ béèrè owó oṣù ní olú-ìlú àtijọ́, wọ́n á ní ó ti di ti olú-ìlú tuntun. Nígbà tó bá dé olú-ìlú tuntun, wọ́n á ní àwọn kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ṣì ń yẹ kòkó wò láràárọ̀, torí pé kò sẹ́ni tó ní kó má ṣe é mọ́, àmọ́ kò mọ ẹni tó ń ṣe é fún, kò sì rí owó yàrá san mọ́.

Àánú rẹ̀ ṣe Dúródọlá. Ó ní kó lọ gbin ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀yìn ilé kó lè máa rí nǹkan jẹ. Ìgbà tí iṣu tuntun jáde, Láoyè ṣe bí àwọn àjèjì tó ń dáko lágbègbè náà ṣe ń ṣe: ó gbé iṣu àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa wá fún ẹni tó fún un nílẹ̀, kó lè hàn pé òun mọ onílẹ̀. Níwájú àwọn àgbà àdúgbò ni Dúródọlá gbà á, tó fọwọ́ kàn án, tó sì wúre. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní "Láoyè" lásán, bí ẹni ń pe ọmọ. Ẹni tó ń gbá àwọn yàrá yòókù ṣíwọ́ gbígbá yàrá keje, torí pé kò sẹ́ni tó ń gbá yàrá fún ọmọ ilé.

Gbogbo nǹkan ń lọ bẹ́ẹ̀ títí àwọn tó ń la ọ̀nà fi dé. Òyìnbó kan tí òòrùn ti sun imú rẹ̀ pupa ká gbogbo yàrá wò, ó ní àwọn ẹnjiníà òun fẹ́ gbà á fún ọdún méjì. "Gbogbo yàrá," ni ògbufọ̀ rẹ̀ wí. "Tí àlejò ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, wọn ò fẹ́." Dúródọlá ṣírò ó. Bí Láoyè bá jáde, ilé náà yóò dúró fúnra rẹ̀, Ìgbẹ́kẹ̀lé yóò sì yé wo òrùlé. Bí kò bá jáde, ó parí nìyẹn.

Ó bẹ Láoyè. Láoyè ní, "Màmá, níbo ni kí n lọ? Ẹ wúre fún mi pé kí n jókòó." Ìgbẹ́kẹ̀lé ló wá dá ìmọ̀ràn ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó wa, bí wọ́n ṣe ń lé ẹni tí kò sanwó, tó sì kọ̀ láti lọ nìyí. Ẹ yọ ilẹ̀kùn. Bí kò bá gbọ́, a ó yọ páànù."

Láoyè gbọ́ ohùn òòlù, kò gbọ́ ìmọ̀ràn. Ó fi aṣọ ìbora ta ẹnu ọ̀nà, ó sì ń gbé ibẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn aṣọ náà ni àwọn èèyàn ti wá ń kí i bí wọ́n ti ń kọjá, àwọn tí kò kí i rí pàápàá. Oníṣòwò kòkó kan mú àga wá, ó sọ fún Dúródọlá pé, "Màmá, ẹ ò mọ̀ pé ilé Láoyè ti di gbọ̀ngàn ìlú?"

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, Dúródọlá gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Sájẹ́ǹtì Adébọ́lá, ọkùnrin tó sanra, tó sì ní sùúrù, fún un ní bẹ́ǹṣì.

"Nígbà tó wọlé sọ́dọ̀ yín, Màmá, ṣé ó ti ní in lọ́kàn pé òun ò ní sanwó?"

"Rárá o. Ó sanwó dáadáa."

"Kì í ṣe ọ̀daràn nìyẹn. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan ni. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọlọ́pàá."

"Ṣé mi ò wá lè lé e ni?"

"Ẹ lè lé e. Àlejò òtẹ́ẹ̀lì tí kò sanwó, ẹ lè ní kó máa lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ tiẹ̀ lè di ẹrù rẹ̀ mú títí yóò fi san án. Ẹ ò gbọdọ̀ lù ú, ẹ ò gbọdọ̀ tì í mọ́lé, ẹ ò sì gbọdọ̀ bọ́ èyí tó wọ̀ sára."

Ojú Dúródọlá mọ́lẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ wá bá mi sọ fún un."

"Ẹ ní sùúrù. Ta ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni."

"Ta ló ń gbá yàrá?"

"Òun náà ni."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ṣé ara ògiri yín ló ń wà tó bá jáde?"

"Ó ń mú un lọ síbi iṣẹ́ ni."

Sájẹ́ǹtì bọ́ fìlà, ó họ orí. "Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹ rí i, èyí kò dà bí àlejò mọ́. Ó dà bí ayálégbé. Ayálégbé, ẹ gbọdọ̀ fún un ní gbèdéke, kí ẹ tó gba kóòtù lọ. Ẹ ò lè jí lọ́jọ́ kan kí ẹ lé e. Ẹ ò sì lè yọ ilẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn tèmi!"

"Tiyín ni. Àmọ́ òun ló ń tì í."

Dúródọlá dé ìta kó tó rántí pé òun kò dágbére. Ó gbìyànjú láti tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ara rẹ̀ lọ́nà, kò jọ ara wọn. Yàrá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò lè wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó jí i gbé. Àlejò rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àìgbá yàrá ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Nígbà tó fi máa dé ilé, akọ̀wé kóòtù ti ń dúró dè é. Láoyè ti pè é lẹ́jọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀ Odigbo nítorí ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ọkọ̀ kan náà ni olùpẹjọ́ àti ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ jọ wọ̀, torí pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń lọ. Láoyè dìde fún un lórí àga iwájú. Dúródọlá kò fẹ́ jókòó síbẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó jókòó.

Kóòtù náà kò jìnnà sí ààfin. Àwọn àgbẹ̀ tó ní ẹjọ́ ààlà ti tò sí abẹ́ igi, pẹ̀lú fìlà lórí orúnkún. Olóyè Akínṣọlá, ààrẹ kóòtù, wọlé nínú agbádá funfun pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ iyùn lọ́rùn, àgbà méjì sì tẹ̀ lé e.

"Kí ẹ̀mí Olóyè gùn," ni gbogbo èèyàn wí.

"Ẹ̀mí gbogbo wa ni. Ẹ jókòó. Ìyá yìí, ẹ sọ tẹnu yín."

Dúródọlá rò ó. Nígbà tí inú bá bí i, ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ ló ń sọ, Láoyè kì í sì í gbọ́ ju ìlàjì lọ, ó ń bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Kí ni wọ́n ní mo ṣe?" Nígbà tó kan Láoyè, kò purọ́. Ó gbà pé òun kò sanwó. Ó ní òun kò sì kọ̀ láti san.

Olóyè Akínṣọlá wo àwọn àgbà méjèèjì.

"Àlejò ni," ni ti ọwọ́ ọ̀tún wí. "Òtẹ́ẹ̀lì ló wọ̀ sí. Kí ó jáde lónìí."

"Ayálégbé ni," ni ti ọwọ́ òsì wí. "Ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀! Èmi gan-an, nínú ilé mi, n kì í tẹ́ tèmi."

Kóòtù rẹ́rìn-ín. Olóyè kò rẹ́rìn-ín. Ó yí padà sí Dúródọlá.

"Mo gbọ́ pé ó gbé iṣu wá. Ṣé ẹ gbà á?"

"Mo gbà á, Olóyè."

"Ẹ wúre?"

"Ẹni bá gbé iṣu wá fún ni, ṣé a kì í wúre fún un ni?"

"A máa ń ṣe é. Kí lẹ wí?"

Dúródọlá wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà àdúgbò tó bá wọn wá ló dáhùn láti ẹ̀yìn, "Ó ní, 'Ibi tí o jókòó sí yìí, wàá jókòó pẹ́ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní í gbé ọ dìde.'"

Ariwo ta. Dúródọlá fi ìró bo ẹnu. Ó mọ̀ pé òun wí i, bí gbogbo ayé ṣe ń wí i ni, kò sì rò pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ fetí sí mi dáadáa," ni Olóyè Akínṣọlá wí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí olùkọ́. "Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ra oorun alẹ́ kan lọ́wọ́ ẹni. Ẹ̀yin lẹ ni yàrá, kọ́kọ́rọ́, àti omi ìwẹ̀. Bí kò bá sanwó, oorun náà tán. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó sọ yàrá di ilé ara rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ yín. Ọkùnrin yìí wọlé bíi ti àkọ́kọ́. Àánú yín ló mú un kọjá sí ìkejì. Nígbà tí ẹ gba iṣu, ẹ kò lè sọ mọ́ pé àlejò alẹ́ kan ni. Àlejò alẹ́ kan kì í gbé iṣu fún onílẹ̀. Ẹ dá ilẹ̀kùn rẹ̀ padà. Ẹ fún un ní gbèdéke títí di òpin oṣù tó ń bọ̀. Bí kò bá jáde nígbà náà, ẹ padà wá."

"Olóyè, àwọn òyìnbó ò ní dúró dè mí!"

"Mo mọ̀," ni Olóyè wí. Ó dùn ún. "Àmọ́ àwọn kọ́ ló gba iṣu."

Bó ṣe wí náà ló rí. Káfíńtà dá ilẹ̀kùn padà, àwọn ẹnjiníà sì gba ibòmíràn lọ. Láoyè wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Dúródọlá, ó ní òun jàre ẹjọ́ ṣùgbọ́n inú òun ò dùn. Dúródọlá ní, "Èmi náà ò mọ bí inú mi ṣe rí. Lọ gbá yàrá rẹ."

Gbèdéke náà kò tíì pé nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé mú àwọn mọ̀lẹ́bí wá gba ilé gẹ́gẹ́ bí ìpàdé ti wí. Ó tilẹ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ wọn àgbàlá. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ìjọba bá wọn, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgà, tó di búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà mú. Láìkí ẹnikẹ́ni, ó fa ilà pupa méjì tó gba inú ara wọn kọjá sára ògiri iwájú. Ọ̀nà tuntun yóò gba àárín ilé náà kọjá.

Ìgbẹ́kẹ̀lé ṣíwọ́ wíwọ̀n.

"Ta ló ni ibí?" ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà béèrè.

Ìgbẹ́kẹ̀lé tọ́ka sí Dúródọlá. "Ìyàwó wa ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá ṣàlàyé, kò sì fi ìkà ṣe é. Ọdún 1978 ni. Òfin ilẹ̀ tuntun ti jáde: gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ti bọ́ sí ọwọ́ gómìnà, kó máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ìjọba yóò san owó ilé, yóò san owó ohun ọ̀gbìn. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní owó tí wọ́n ń san lé e lórí.

"Ìdílé tó fún ọkọ mi nílẹ̀ ní Odigbo ńkọ́?" ni Dúródọlá béèrè.

"Òfin kan náà ló mú wọn, Màmá."

"Ta ni kò wá mú?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ronú sí i. "Mi ò tíì rí i kà níbì kankan."

Wọ́n yí sí ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀gẹ́ náà ti ga ju èèyàn lọ. "Ta ló gbin èyí?"

"Ẹ̀gẹ́ ilé ni," ni Ìgbẹ́kẹ̀lé yára wí. "Ọkùnrin tó wà ní yàrá keje yẹn, àlejò lásán ni."

Gbogbo wọn wo Dúródọlá. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù, "àlejò", ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí gbogbo Odigbo gbà nígbà kan, tí wọn kò gbà. Bó bá sọ ọ́ báyìí, wọ́n á gbà á. Láoyè dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ọ̀bẹ kòkó rẹ̀.

"Òun ló gbìn ín," ni Dúródọlá wí. "Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Kóòtù ti dá ẹjọ́ náà."

Ọjọ́ tí katapílà dé, lọ́rì tó fẹ́ kó Dúródọlá lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ajue ti ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ó kó ìkòkò rẹ̀, àpótí aṣọ rẹ̀, àti àwòrán ọkọ rẹ̀ sí i. Ìgbẹ́kẹ̀lé kò wá. Láoyè gbé àpótí tirẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó fi lélẹ̀, ó jókòó lé e. Kò sí olú-ìlú kan tó tíì rántí rẹ̀.

Awakọ̀ ń wo àpótí náà. "Ẹrù yìí ńkọ́? Ṣé ó ń lọ?"

Dúródọlá wo Láoyè. Eruku pupa ti bo tai rẹ̀. "Kòkó ń bẹ ní Ajue," ni ó wí. "Yàrá kan sì wà nílé bàbá mi tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀."

Láoyè dìde, kò sì fọwọ́ kan àpótí. Ọkùnrin tí kóòtù ti dá láre ni, ó ti kọ́ láti máa béèrè.

"Ẹ dákun, Màmá, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú lọ́la. Ipò wo ni mo fẹ́ fi wọ ibẹ̀? Ṣé àlejò ni, àbí ayálégbé, àbí kí ni?"

Dúródọlá rò ó. Ó rántí sájẹ́ǹtì, ó rántí àwọn àgbà méjèèjì, ó rántí ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́dà pupa. Ó wá ìdáhùn láàárín gbogbo wọn, kò rí i. Lẹ́yìn ilé, katapílà bú ramúramù.

"Láoyè," ni ó wí, "gbé àpótí rẹ, kí o wọ ọkọ̀."